ZX80 tí mo fọwọ́ ara mi tò kò gbé àwòrán jáde: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìgbésẹ̀Kíní

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀dà ZX80 ni mo tò, kọ̀ǹpútà ilé tí Sinclair gbé jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1980. Mo rò ó dáadáa kí n tó yàn án dípò ZX81 tó tẹ̀lé e lọ́dún 1981. Inú IC (ègé sílíkónì tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ iná wà nínú rẹ̀) kan ṣoṣo, ULA tí ilé-iṣẹ́ Ferranti ṣe, ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ZX81 sí, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe é mọ́. Ti ZX80 kò rí bẹ́ẹ̀. IC mọ́kànlélógún ló ní, gbogbo wọn ló wọ́pọ̀: Z80 kan tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀, ROM kan (mẹ́mórì tí ètò rẹ̀ wà nínú rẹ̀ títí), 2114 méjì fún RAM (mẹ́mórì ìgbà díẹ̀), ìyókù jẹ́ ọmọ ìdílé 74LS, àwọn IC kéékèèké tó ń so iṣẹ́ pọ̀.

Mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sí abẹ́ gbogbo IC. Krísítálì mi jẹ́ 6.5 MHz. ROM mi jẹ́ 2764 tí mo kọ ROM 4K ti ZX80 sí. Àwọn 74LS kan wọ́n díẹ̀, mo fi 74HC, ìbátan wọn, rọ́pò mẹ́ta nínú wọn.

Mo tan án. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, ìlà funfun kan a kọjá fìrí, a sì lọ. Z80 lọ́ wọ́ọ́rọ́, 7805 tó ń sọ iná di 5 fóltì gbóná. Kò sí èéfín, kò sí òórùn. Ṣé kí n pààrọ̀ Z80 ni? Àlòkù ni mo rà.

Bàbá_Sódà

Àbúrò, o kú làálàá. Fi Z80 yẹn sílẹ̀ ná.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó pẹ́ kó tó yé èmi náà. Ẹ̀rọ tó ti lò ju ogójì ọdún lọ kó tó dákẹ́, a mọ̀ pé ó ti ṣiṣẹ́ rí. Ẹni tó tò ó tò ó re, ọ̀nà iná inú rẹ̀ pé. Nǹkan kan ló kú níbẹ̀, òkú yẹn ni a máa ń wá. Tìrẹ kò tíì ṣiṣẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó ṣeé ṣe kí ara gbogbo IC rẹ le koko, kó jẹ́ pé lẹ́ẹ̀dì ìsódà kan ló ṣàn kọjá ààlà, tàbí ẹsẹ̀ kan ló ká sábẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí dáyóòdù kan (èyí tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ló kọ ẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí o bá ń pààrọ̀ IC káàkiri, wàá ná owó, wàá sì tún máa tẹ ẹsẹ̀ IC tó dára.

Yọ gbogbo IC kúrò. Tan iná, kí o fi mítà wọn fóltì ní sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Má wọ̀n ọ́n lẹ́nu 7805 nìkan, ibi tí IC ti máa mu ún ni kí o ti wọ̀n ọ́n. Ti Z80, ẹsẹ̀ 11 ni 5 fóltì, ẹsẹ̀ 29 ni gíráǹdì. Lẹ́yìn náà kí o pa iná, kí o fi mítà tó ń ké yẹ ẹsẹ̀ méjì méjì tó fara kan ara wọn wò, láti orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé òmíràn.

Kí o sì máa ṣọ́ ihò tí o ń ki okùn iná bọ̀. Lórí ZX80, ihò iná àti ihò kásẹ́ẹ̀tì jọ ara wọn, 3.5 mm ni gbogbo wọn. Mo ti rí ẹni tó ki 9 fóltì bọ ihò kásẹ́ẹ̀tì.

IC21

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ Z80 yẹn kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Láti ìgbà tí Zilog ti kéde lọ́dún 2024 pé àwọn ń parí títa Z84C00, àwọn tó ń ha orúkọ ara IC nù láti tẹ òmíràn sí i ti pọ̀ sí i. Mo ra márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta ni kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀. NMOS, irú Z80 àtijọ́, ni wọ́n fi inki tuntun sọ di CMOS, irú tó dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀nà wà láti dá wọn mọ̀. Àṣẹ ED 71 tí ìwé Zilog kò kọ sílẹ̀ máa ń gbé 0 jáde lórí NMOS, ó sì máa ń gbé 255 jáde lórí CMOS.

Bàbá_Sódà

Òótọ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n NMOS tí wọ́n pè ní CMOS ṣì jẹ́ Z80, yóò ṣiṣẹ́ lórí bọ́ọ̀dù yìí. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ ni o sì máa fi ṣe àyẹ̀wò ED 71 yẹn. Ẹni tó béèrè kò tíì ní i.

Ìgbésẹ̀Kíní

Mo ti dé. Fóltì wà ní gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì, 4.97 sí 5.01. Mo yẹ ẹsẹ̀ méjì méjì wò lórí àwọn 74LS, kò sí ibi tó ké. Ti Z80, mo yẹ apá ọ̀tún wò. Apá òsì ni n kò tíì parí nígbà tí bátìrì mítà kú.

Mo dá IC padà, mo sì yá síkóòpù, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì iná hàn lójú. Ẹsẹ̀ 26 tó jẹ́ RESET, èyí tó ń mú Z80 bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, gòkè dé 5 fóltì lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí mo bá tan iná, ó sì dúró síbẹ̀. Ẹsẹ̀ 6 ní kílọ́ọ̀kì, 3.25 MHz gan-an, ìdajì krísítálì. Ìgbì rẹ̀ dára lójú mi: ó ń lọ láti òdo dé 3.3 fóltì.

ÌlùZ80

Dúró níbẹ̀. 3.3 fóltì yẹn kò tó.

Ẹsẹ̀ yòókù lára Z80 ń gba 2 fóltì gẹ́gẹ́ bí òkè, ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ẹsẹ̀ 6 nìkan ló yàtọ̀. Zilog ní kí kílọ́ọ̀kì gòkè dé ibi tí kò ju 0.6 fóltì lọ sísàlẹ̀ iná tí IC ń mu, èyí tó jẹ́ 4.4 fóltì bí iná bá jẹ́ 5. 74LS kì í ti nǹkan dé ibẹ̀, nǹkan bí 3.4 ni agbára rẹ̀ máa ń mọ. Kílọ́ọ̀kì ni ìlù tí gbogbo inú Z80 ń jó sí. Bí ìlù bá ń dún lábẹ́lẹ̀, Z80 mìíràn á ṣì gbọ́ ọ, òmíràn á gbọ́ ọ láàárọ̀ kó má gbọ́ ọ mọ́ bí ara rẹ̀ bá gbóná. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé ẹ̀rọ àwọn “ń ṣe ségesège”.

Wo àwòrán bọ́ọ̀dù rẹ, wàá rí rẹsísítọ̀ kan láti ẹsẹ̀ 6 lọ sí 5 fóltì. 330 óòmù ni a sábà ń lò. Ṣé o fi sí i?

Ìgbésẹ̀Kíní

Ẹ̀gbọ́n, mo fi rẹsísítọ̀ sí i, àmọ́ nígbà tí mo yọ ọ́ láti wọ̀n ọ́n, 33 kílò-óòmù ni! Àwọ̀ kẹta ni mo ṣì kà, ọsàn dípò àwọ̀ ilẹ̀. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbì ẹsẹ̀ 6 ti ń dé 4.7 báyìí.

Ojú tẹlifíṣọ̀n ti yí padà díẹ̀. Ìlà funfun yẹn ń wá léraléra, ṣùgbọ́n kò dúró. Àwọn ẹsẹ̀ àdírẹ́sì, tí Z80 fi ń tọ́ka sí ibi tó fẹ́ kà nínú mẹ́mórì, ń mì. HALT, ẹsẹ̀ 18, wà lókè, kò wálẹ̀ rárá. Ṣé ohun tó dára nìyẹn?

ÌlùZ80

Rárá o, àmì tó ń sọ nǹkan fún wa ni. Lórí ZX80, Z80 fúnra rẹ̀ ló ń ya àwòrán. Lẹ́yìn ìlà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́mórì, lẹ́tà NEWLINE ló wà, nọ́mbà rẹ̀ sì ni 118. Nọ́mbà 118 kan náà ni àṣẹ HALT lédè Z80. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ń ya àwòrán, Z80 á máa dúró ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ 18 á sì máa wálẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀ láéláé, ẹ̀rọ náà kò tíì dé ibi iṣẹ́ àwòrán. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣìnà lójú ọ̀nà.

Bàbá_Sódà

Ìsinsìnyí ni kí o mú ROM àti RAM kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá, kí Z80 máa sáré lófìfo.

Wá sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 40 kan sí i. Tẹ ẹsẹ̀ dátà rẹ̀ síta kí wọ́n má bàa wọ bọ́ọ̀dù: 7, 8, 9, 10, 12, 13, 14, 15. Má ṣe fọwọ́ kan 11, ó wà láàárín wọn, òun sì ni 5 fóltì. So ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́jọ náà mọ́ gíráǹdì pẹ̀lú rẹsísítọ̀ 1 kílò-óòmù. Ki sọ́kẹ́ẹ̀tì yìí bọ ti bọ́ọ̀dù, kí o gbé Z80 lé e lórí. Yọ ROM àti 2114 méjèèjì.

Òdo ni Z80 yóò máa kà níbi gbogbo. Òdo lédè rẹ̀ ni NOP, pé “má ṣe nǹkan kan, kọjá sí èyí tó kàn”. Yóò máa ka àdírẹ́sì lọ láti 0 dé 65535, á sì tún bẹ̀rẹ̀. NOP kan ń gba ìlù mẹ́rin, ó túmọ̀ sí pé ní 3.25 MHz, ó ń ṣe 812,500 NOP ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó máa yí àdírẹ́sì po ju ìgbà 12 lọ díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá náà.

Fi síkóòpù wo àwọn ẹsẹ̀ àdírẹ́sì: A0, kí o bọ́ sí A1, títí dé A15. Èyí tó tẹ̀lé gbọ́dọ̀ máa lọ ní ìdajì eré èyí tó ṣáájú. Ohun kan tó máa ń da èèyàn láàmú ni pé ìgbì náà kì í mọ́ lójú. Lẹ́yìn kíka àṣẹ kọ̀ọ̀kan, Z80 ń lo ẹsẹ̀ àdírẹ́sì yẹn kan náà fún ìtúnra mẹ́mórì (refresh): nọ́mbà R lápá ìsàlẹ̀, nọ́mbà I lápá òkè, méjèèjì wà nínú Z80 fúnra rẹ̀. I jẹ́ òdo lẹ́yìn RESET, nítorí náà A8 dé A15 yóò rí bíi pé wọ́n gé wọn wẹ́wẹ́ nígbà tí wọ́n bá wà lókè. Fi ẹsẹ̀ 28, RFSH, ṣe ohun tí síkóòpù rẹ ń tẹ̀ lé, wàá rí apá tó yẹ kí o wò.

Ìgbésẹ̀Kíní

Bàbá, mo rí i! Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

A0 dé A10 tẹ̀lé ara wọn bí ẹ ṣe wí. A13, A14, A15 náà dára. A11 àti A12 ni wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Wọn kò gòkè tán, wọn kò wálẹ̀ tán. Ìgbà mìíràn wọ́n dúró sí nǹkan bí fóltì 2. Mo pa iná, mo yọ Z80, mo fi mítà sí ẹsẹ̀ 1 àti ẹsẹ̀ 2. Ó ké. Apá òsì tí n kò yẹ̀ wò parí ni! Fọ́nrán lẹ́ẹ̀dì kan tín-ín-rín wà lábẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, lápá òkè bọ́ọ̀dù, ibi tí ojú kò lè dé. Mo fi okùn bàbà tó ń mu lẹ́ẹ̀dì fà á láti ẹ̀yìn, ó kúrò.

ÌlùZ80

Ó ti yé mi nígbà náà. ROM 4K ń lo A0 dé A11. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ṣì ń ka 2K àkọ́kọ́, A11 àti A12 jẹ́ òdo méjèèjì, ìjà kò sí. Bí ó bá fò kọjá sí 2K kejì, A11 fẹ́ gòkè, A12 sì ń fà á wálẹ̀, ni yóò bá ka ohun tí kò yẹ. Abájọ tó fi ń bẹ̀rẹ̀ tó sì ń ṣìnà. Àwòrán gbogbo lẹ́tà pàápàá, 2K kejì yẹn ló wà, láti àdírẹ́sì 0E00.

Dá ohun gbogbo padà, kí o sọ ohun tí o rí.

Ìgbésẹ̀Kíní

Àwòrán ti jáde! Ojú funfun, àpótí dúdú kékeré kan nísàlẹ̀ lápá òsì. HALT ti ń wálẹ̀.

Ṣùgbọ́n K tó yẹ kó wà nínú àpótí náà kò dà bíi K. Ó dà bí àtẹ̀gùn. Mo tẹ lẹ́tà mìíràn, bákan náà ni wọ́n rí, bíi pé wọ́n fi bíríkì ńláńlá kọ́ wọn. Àwọn àmì kéékèèké kan tún ń tàn yanranyanran lára wọn, wọn kò dúró lójú kan. Mo ya K yẹn sórí bébà onílà: ìlà mẹ́jọ ni, àmọ́ ìlà 1 àti 2 jọra, 3 àti 4 jọra, bẹ́ẹ̀ náà ni 5 àti 6, 7 àti 8.

Ojú_Síkóòpù

Bí o ṣe yà á sórí bébà yẹn ló jẹ́ kí n dá sí i, mo ti ń kà láti ọjọ́ kìíní. Ìdáhùn wà nínú àwòrán rẹ.

Wo bí lẹ́tà ṣe ń dé ojú tẹlifíṣọ̀n. Z80 ń “ṣe” àwọn lẹ́tà ojú àwòrán bí ẹni pé àṣẹ ni wọ́n, níbi tí A15 ti wà lókè. Àwọn 74LS rí i pé àṣẹ náà kì í ṣe HALT, wọ́n bá fi òdo, NOP, rọ́pò rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ Z80, wọ́n sì di nọ́mbà lẹ́tà náà mú sínú 74LS373. Nígbà ìtúnra mẹ́mórì, àwọn 74LS157 gba ẹsẹ̀ àdírẹ́sì ROM lọ́wọ́ Z80. Nọ́mbà lẹ́tà lọ sí àárín, 74LS93 tó ń ka ìlà láti 0 dé 7 lọ sí A0, A1 àti A2. ROM bá pọ báìtì kan jáde, 74LS165 sì ń tú u síta ní dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, mẹ́jọ láàárín ìlù mẹ́rin. Ó wú mi lórí títí dòní pé àwọn tó ṣe é rí ọ̀nà yìí, tí wọ́n fi IC tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe é.

Bí ìlà bá ń jọra ní méjì méjì, A0 ti ROM kò gbọ́ ohun tí 74LS93 ń sọ. Ó ń ka ìlà 0, 0, 2, 2, 4, 4, 6, 6. Ọ̀nà láti Z80 sí A0 dára, torí pé ètò inú ROM ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà láàárín 74LS93 àti 74LS157 ni kí o wá a. Ibẹ̀ nìkan.

Ti àwọn àmì tó ń tàn: èwo nínú IC rẹ ni 74HC?

Ìgbésẹ̀Kíní

74LS157 náà ni! Ẹsẹ̀ kan tí lẹ́ẹ̀dì yí ká àmọ́ tí kò gbà á. Mo fi abẹ́rẹ́ tì í, ó mì. Mo tún un sódà, K sì di K.

Àwọn 74HC ni 74HC00, 74HC04 àti 74HC165.

Ojú_Síkóòpù

74HC165 ni kí o yọ. 74HC fẹ́ 3.5 fóltì kó tó gbà pé nǹkan wà lókè. 2764 tó ń fún un ní dátà kò ṣèlérí ju 2.4 lọ. Nígbà mìíràn á kọjá ààlà, nígbà mìíràn kò ní kọjá, ohun tí o ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n nìyẹn. Wá 74LS165. Bí o kò bá rí i, 74HCT165 dára, 2 fóltì ló ń béèrè. Lẹ́tà T yẹn ṣe pàtàkì. Fún méjì yòókù, pààrọ̀ wọn bí o bá ráyè, torí 2.7 ni 74LS ṣèlérí, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó sábà máa ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀Kíní

74LS165 ti wọlé, àmì tó ń tàn ti lọ pátápátá. Y, U, I, O, P kò dáhùn, àṣẹ PRINT sì wà lórí O. Mo rántí ohun tí Bàbá_Sódà sọ nípa dáyóòdù, mo wo ti A13, ọ̀nà tí Z80 fi ń ka àwọn bọ́tìnnì márùn-ún yẹn, ó kọ ẹ̀yìn síbi tó yẹ kó kọjú sí. Mo yí i padà, gbogbo bọ́tìnnì ogójì ń dáhùn.

Ìṣòro kan ló kù. Lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mi, ojú funfun mọ́ kedere. Lórí èyí tó pẹlẹbẹ, eérú ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ọ̀rọ̀ kà. Ibo ni mo tún ti ṣìṣe?

Ojú_Síkóòpù

O kò ṣìṣe níbì kankan, bí ZX80 ṣe rí láti ilé nìyẹn. Lẹ́yìn àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, tẹlifíṣọ̀n ń retí kí ìgbì dúró sí dúdú fún ìwọ̀nba máíkíróṣẹ́kọ́ńdì, ibẹ̀ ló ti ń mọ ohun tí dúdú jẹ́. ZX80 kì í dúró. Ó ń ti àmì náà fò sí funfun lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n tuntun bá mú funfun yẹn ní dúdú, ó sì fa gbogbo àwòrán wálẹ̀. ZX81 tí ULA rẹ̀ jẹ́ ti àkọ́kọ́ ní àrùn kan náà. Àtúnṣe rẹ̀ ni sákíìtì kékeré kan tó máa di ìgbì mú sí dúdú fún bíi máíkíróṣẹ́kọ́ńdì 5 lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan. IC kan, rẹsísítọ̀ àti kapásítọ̀ tó ń ka àkókò, tiransísítọ̀ kan. Ṣe é sórí bọ́ọ̀dù kékeré lọ́tọ̀, kí bọ́ọ̀dù ńlá wà bó ṣe wà.

IC21

Kú oríire, ọ̀rẹ́ mi. Mo gbà pé Z80 rẹ kò ní ẹ̀bi. Ṣé wàá fi ROM 8K ti ZX81 sí i?

Ìgbésẹ̀Kíní

Mo fẹ́, nítorí nọ́mbà oní-dẹ́símà. Ṣé àwòrán á dúró nígbà tí ètò bá ń sáré?

Bàbá_Sódà

Kò ní dúró. ROM 8K á fún ọ ní dẹ́símà, ṣùgbọ́n SLOW, ọ̀nà tí ZX81 fi ń mú àwòrán dúró nígbà tí ètò bá ń sáré, ń fẹ́ NMI (àmì tó ń dá Z80 dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀) tí ULA máa ń pèsè, bọ́ọ̀dù rẹ kò sì ní i. Ojú á ṣì máa lọ nígbà tí Z80 bá ń ṣírò, á padà bó bá parí. Tẹ ètò kan sínú 4K yẹn ná, kí o jẹ́ kó tàn fún wákàtí méjì, kí o sì wọn ìgbóná 7805. Bí ẹ̀rọ bá ń mu ààbọ̀ ámpù láti 9 fóltì, wọ́ọ̀tì 2 ló ń sun níbẹ̀. Fi irin tó ń gbé ooru lọ sí i lẹ́yìn kí o tó dé pálí lé e.